Sítíkà Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ojú Sídì

Èmi ni mo ba kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ wa jẹ́. Kò tán síbẹ̀. Mo jókòó, mo ká ọwọ́ sí àyà bí ẹni mímọ́, mo sì ń wò ó bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀sùn ohun tí mo ṣe kan ọmọ ọlọ́mọ.

N ó sọ ọ́ fún yín láì fepo bọyọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi dé ibi tí ó bá dùn yín dé. Ṣùgbọ́n ẹ kà á tán ná.

Ilé iṣẹ́ wa kò tóbi, yàrá mẹ́rin péré ni. Nínú ọ̀kan ni wọ́n ti ń ka ìwé sókè tí ẹ̀rọ ń gba ohùn sílẹ̀. A ó da ohùn náà kọ sórí sídì, a ó sì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú wọn kò ríran, kí wọ́n lè fi etí ka ohun tí àwa ń fi ojú kà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbálẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ A, B, D. Ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí, Ọ̀gá wa gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì fi mí ṣe olùtọ́jú sídì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò tíì rí ìgbéraga rí.

Kíá ni mo ti ṣòfin fún gbogbo ayé. Má jẹun nítòsí sídì. Fọwọ́ kí o tó wọlé. Kọ orúkọ rẹ sínú ìwé kí o tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Mo kọ wọ́n gàdàgbà-gàdàgbà, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Wọ́n bá sọ mí ní Ìyá Òfin. Wọ́n rò pé àwọn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, wọn kò mọ̀ pé orúkọ náà dùn mọ́ mi ju oyin lọ.

Ọmọbìnrin kan tí a ń pè ní Ẹnjiníà ni ó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ wa. Àbígbẹ̀yìn mi jù ú lọ. Oṣù mẹ́fà ni Ọ̀gá ní kí ó fi ṣiṣẹ́ wò: bí ó bá yege, wọn yóò gbà á pátápátá, bí kò bá yege, kí ó máa kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ gan-an ni oṣù kẹfà ń pé.

Òun ni ó kọ́ mi ní bí a ti ń lo sídì.

"Mà, ẹ wo ojú tó ń dán yìí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì lẹ nǹkan kan mọ́ ọn. Tí ẹ bá fẹ́ kọ nọ́ńbà, máàkà yìí ni kí ẹ fi kọ ọ́ sí ojú kejì."

Mo mi orí bí alángbá. Etí mi ti gba ibòmíràn lọ. Ohun tí ó wà lọ́kàn mi ni pé ọmọ àná yìí, ṣé òun ni yóò kọ́ mi ní ohun tí ó ń dán?

Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá ní ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ku ọjọ́ mẹ́wàá. Ó kó ìyá sídì méjìlá fún mi, ìyẹn àwọn tí a máa ń da ìyókù kọ lára wọn. Ó ní kí n kọ nọ́ńbà sí wọn lára, kí Ẹnjiníà lè bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n kọ lọ́sàn-án.

Mo mú máàkà. Ó ti gbẹ.

Ẹnjiníà wà ní yàrá kejì. Bí mo bá pè é, yóò fún mi ní òmíràn. Ṣùgbọ́n kí èmi Ìyá Òfin máa tọrọ máàkà lọ́wọ́ ọmọdé? Mo ní sítíkà funfun nínú báàgì mi, irú èyí tí mo fi ń kọ orúkọ sára ìwé mi nílé ẹ̀kọ́. Mo yẹ sídì wò. Ojú kan kún fún àkọlé. Ojú kejì ń dán, ó mọ́ lóló, kò sí kíkọ kankan níbẹ̀. Mo ní ibí yìí ni wọ́n dìídì fi sílẹ̀ fún wa láti kọ̀wé sí.

Ọgbọ́n orí mi nìyẹn o. Mo lẹ sítíkà mọ́ ojú tí ó ń dán, méjèèjìlá pátá, mo sì ń kọrin. Nọ́ńbà nìkan kò sì tó mi. Mo kọ ìkìlọ̀ sí abẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ayé ti bàjẹ́, ẹni tí kò bá kìlọ̀ fún ọmọ aráyé ní ẹ̀bi tirẹ̀.

Ibi tí mo ti yẹ kí n dúró nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ń sọ fún mi pé: "Ṣé ìwọ náà ò lè dà á kọ ni? Kí Ọ̀gá dé kí ó bá a pé o ti ṣe é!" Ìwé tí a ń kọ orúkọ sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, òfin mi sì wà lókè rẹ̀ lára ògiri. Mo wo òfin náà, òun náà wò mí. Mo ní ẹni tí ó ṣòfin kò lè kọ orúkọ bí àwọn yòókù. Mo tẹ bọ́tìnnì, dúráìfù, ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń ka sídì, yọ àwo rẹ̀ jáde, mo gbé sídì keje lé e, mo tì í padà.

Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Fọ̀ọ̀. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé kò sí sídì nínú dúráìfù.

"Irọ́ lo pa," mo wí fún un. "Èmi ni mo fi sí i."

Mo tún tẹ bọ́tìnnì. Sídì jáde, ṣùgbọ́n ìhòòhò ni ó jáde. Sítíkà mi kò sí lára rẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo yọjú wo inú dúráìfù. Ó dúdú bí ikùn ìkòkò.

Orin tí mo ń kọ gé sí mi lẹ́nu. Mo bó sítíkà mọ́kànlá tí ó kù, mo fi aṣọ àti omi ọṣẹ nu ara àwọn sídì, mo kó sítíkà sí báàgì mi, mo sì jókòó.

Ẹnjiníà dé lọ́sàn-án, ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ó fi sídì kìíní sí i. Kò kà á. Ó fi èkejì sí i. Kò kà á.

"Bóyá sídì ló dọ̀tí," ni ó wí. Ó mú aṣọ múlọ́múlọ́ kan, ó nù ún láti àárín lọ sí etí. "Èèyàn kì í nù ún yípo, mà. Ó lè ha á."

Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n?" bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ó yọ sídì orin tirẹ̀ láti inú báàgì, èyí tí ó gbọ́ láàárọ̀ yẹn nílé. Kò kà á. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ó ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yọ wáyà tí ó so mọ́ ẹ̀yìn dúráìfù, ó tún un kì bọ̀ ọ́ gírígírí. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Òógùn bò ó níwájú orí.

"Ó ń yí, àmọ́ kò ríran. Gíláàsì kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó fi ń kàwé, ó dà bí ẹni pé nǹkan bò ó lójú. Ó ku kí n tú dúráìfù fúnra rẹ̀ wò."

Ó na ọwọ́ sí sukudiráfà. Bí ó bá tú u, yóò rí sítíkà mi. Ẹnu mi bá ṣí.

"O tún fẹ́ tú u? Ṣebí o tú kọ̀ǹpútà yìí lọ́jọ́ Ẹtì?"

Ọ̀gá wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ sókè nìyẹn.

"Ọjọ́ Ẹtì lo tú u?" Ọ̀gá béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Eruku ni mo gbọ̀n. Mo dán an wò lẹ́yìn náà, kò sóhun tó ṣe é."

"Orúkọ ta ló kẹ́yìn nínú ìwé kó tó di òní?"

Èmi fúnra mi ni mo gbé ìwé náà fún un. Orúkọ Ẹnjiníà ni ó wà níbẹ̀.

Ọ̀gá pa ìwé dé. "Má fọwọ́ kàn án mọ́. Ọ̀gbẹ́ni tó máa ń tún ẹ̀rọ ṣe ní òpópónà kejì ò ní ráàyè àfi ọjọ́ Ẹtì. Òun ló máa tú u. Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo bà á jẹ́, má wulẹ̀ bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Ẹ gbọ́, n kò purọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ, òótọ́ ni. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn títí mo fi délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ọkọ mi, tí í ṣe bíríkìlà, ti ń so okùn bàtà rẹ̀, mo rọra yọ ọ́ sọ.

"Obìnrin kan níbi iṣẹ́ wa ba nǹkan jẹ́, wọ́n wá rò pé ọmọdébìnrin kan ló bà á jẹ́."

"Obìnrin yẹn ò sọ̀rọ̀?"

"Wọn ò kúkú bi í."

"Ó bímọ?"

"Mẹ́ta."

"Kó máa gbàdúrà kí wọ́n má ṣe irú ẹ̀ fún tiẹ̀ níbi iṣẹ́." Ó so okùn kejì, ó dìde, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Obìnrin ọ̀hún, ṣé ó ga tó ìwọ báyìí?"

"Baálé mi, ẹ máa lọ síbi iṣẹ́, ẹ ti pẹ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dé pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn, wọ́n ń béèrè sídì. Wọn kò rí gbà. Ẹ̀sùn náà sì ti ta sí wọn létí.

"Ẹnjiníà wo nìyẹn? Ẹnjiníà abẹ̀rọjẹ́!"

"Tí mo bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò yìí, ilé bàbá ẹ̀ ni mo máa lọ jókòó sí!"

Ẹnjiníà ń gbọ́ wọn. Ó ń nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

Ọjọ́rú, mo pinnu láti sọ̀rọ̀. Mo kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá.

"Kí ló dé, Ìyá Òfin?"

"Ẹ káàárọ̀, sà. Omi ti tán nínú ìgò yín."

Mo lọ bu omi. Mo tún padà.

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Fèrèsé yín yìí, sà, ṣé kí n tì í?"

Ìgbà kẹta tí mo kanlẹ̀kùn, ó ní, "Ìyá Òfin, ṣé ara yín yá?" Mo ní ara mi le koko. Mo sá lọ.

Nígbà tí mo padà sí àyè mi, Ẹnjiníà ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó na máàkà tuntun sí mi.

"Mà, mo rí i pé tiyín ti gbẹ. Ẹ gba èyí kí n tó lọ. Ẹ ò ní rẹ́ni bi tí n ò bá sí níbí mọ́."

Mo gba máàkà. Mo ní, "O ṣeun." Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà náà, ǹ bá wọlẹ̀ láì gbé báàgì.

Ẹni tí ó ní ìtìjú ìbá ti jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n mìíràn ni mo dá. Mo ti rí i tí Ẹnjiníà fi kílíìpù bébà ṣí dúráìfù: ihò bíńtín kan wà níwájú rẹ̀, bí a bá na kílíìpù gbọọrọ tí a sì tì í bọ ibẹ̀, àwo náà yóò yọ jáde, kódà bí kọ̀ǹpútà bá wà ní pípa. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí gbogbo ènìyàn jáde lọ jẹun, mo na kílíìpù, mo tì í bọ̀ ọ́, àwo yọ. Mo mú ẹ̀mú kékeré tí mo fi máa ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ mi nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú dúráìfù kiri. Mo gbọ́ tí ẹ̀mú kan nǹkan. Mo fà á. Kò wá. Ó tún lọ sínú sí i.

"Ìyá Òfin, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ẹ̀mú bọ́ lọ́wọ́ mi. Alága ni, olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún tí kò ríran láti kékeré. Ó jókòó sórí àga lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀.

"Alága! Ìgbà wo lo wọlé?"

"Mo ti wà níbí kí ẹ tó dé. Ẹ ò wẹ̀yìn ni. Ẹ̀yin mà lẹ ríran!"

"Eruku ni mo ń nù."

"Pẹ̀lú irin?"

Mo he ẹ̀mú nílẹ̀, mo fi í pamọ́ sẹ́yìn mi.

"Mà, lọ́jọ́ Ajé, mo wà lẹ́yìn ògiri pákó yẹn, mo ń retí sídì mi. Mo gbọ́ yín. Ẹ ya sítíkà kan, ẹ kọ orin díẹ̀. Ẹ tún ya òmíràn, ẹ tún kọrin. Kọ̀ǹpútà wá bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, orin yín bá gé láàárín. Látọjọ́ náà, n ò gbọ́ kí ẹ kọrin mọ́."

"Ṣé orin tó gé náà ló wá di ẹ̀rí?"

"N ò pè é lẹ́rìí. N ò rí yín. Ìdí tí mo fi dákẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ń kó ẹrù. Ẹ sọ ọ́ fúnra yín, wọ́n á ní ẹ ṣèèṣì ni. Tí ẹ ò bá sọ ọ́ títí wọ́n á fi tú u lọ́la, èmi máa sọ ohun tí mo gbọ́, kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n má gbà á."

Ó dìde, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀ kọ́ọ́kọ́ọ́ títí ó fi jáde. Mo ti àwo dúráìfù padà. Mo ní bóyá sítíkà náà ti fà ya. Mo ní bóyá kò ní hàn. Ẹ gbọ́ irú àdúrà tí Ìyá Òfin ń gbà!

Ọjọ́ Ẹtì, alátùn-únṣe dé. Bàbá arúgbó kan ni, tí kò kánjú ohunkóhun láyé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti kún yàrá, nítorí Ọ̀gá ní bí ẹ̀rọ bá ti yá ni wọn yóò gba sídì. Ẹnjiníà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àpótí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Alága kọjú sí ibi tí mo wà gan-an. Títí di wákàtí náà, ẹnu mi kò là.

Bàbá fi sukudiráfà tú ìdè mẹ́rin. Ó ṣí dúráìfù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀rọ yín ti jẹ bébà, sà. Ó sì lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀."

Ó fi ẹ̀mú tirẹ̀ fà á yọ, ó tú u palẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.

"Mo gbàgbé awò ojú mi sílé. Ìyá, ẹ bá mi kà á."

Èmi ni ó nà án sí. Nínú gbogbo ènìyàn tí ó wà ní yàrá náà, èmi ni.

Mo wo ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró ṣánṣán, bí wọ́n ti kọ́ mi. Ó ti tó ọdún mẹ́fà, láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ A, B, D, tí mo ti ń wá àǹfààní láti kàwé láàárín àwùjọ. Ọjọ́ náà dé.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Ọ̀gá béèrè.

Mo kà á. Ohùn mi kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Sídì keje. Ẹni tí ó bá bà á jẹ́ yóò dáhùn."

"Ó ti yá," ni Alága wí láti ẹ̀yìn. "Ẹ dáhùn."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn ní kí ó dákẹ́. Ẹnjiníà wò mí. "Mà?" Ọ̀rọ̀ kan péré ni ó sọ. Bí ó bá bú mi ni, ara ìbá tù mí.

Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀. "Ìyá Òfin, ẹ jókòó, ẹ ń wò mí kí n lé ọmọ yìí lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó yíjú sí Ẹnjiníà. "Gbé àpótí ẹ padà sáàyè ẹ̀. Iṣẹ́ yìí ti di tìẹ. Èmi náà kánjú, má bínú." Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi. "Tiyín, a máa sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Àmọ́ ìṣojú gbogbo àwọn tó wà níbí yìí ni wọ́n ti bú ọmọ yìí. Ìṣojú wọn náà lẹ ti máa bẹ̀ ẹ́."

Mo kúnlẹ̀. Mo tẹ orí ba, omi bọ́ lójú mi. Mo ń retí kí ẹnìkan ní kí n dìde, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe fún àgbà tí ó kúnlẹ̀.

"Ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀?" akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè. "A ò tíì gbọ́ nǹkan kan o."

Nígbà náà ni ó yé mi. Wọn kò rí eékún mi. Wọn kò rí omijé mi. Kò sí ohun tí mo lè fi bo ọ̀rọ̀ náà lójú. Ẹnu nìkan ni ó kù fún mi, mo sì là á.

"Èmi ni, olùtọ́jú sídì, ẹni tí ẹ ń pè ní Ìyá Òfin. Mo wà lórí eékún mi. Èmi ni mo lẹ sítíkà mọ́ ibi tí wọ́n ní kí n má lẹ̀ ẹ́ mọ́. Èmi ni mo lo kọ̀ǹpútà tí n kò kọ orúkọ mi. Nígbà tí Ọ̀gá dé, mo ní Ẹnjiníà ló tú u lọ́jọ́ Ẹtì. Òótọ́ ni mo sọ, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n máa gbọ́ nínú rẹ̀. Gbogbo èébú tí ẹ bú u láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ni mo ni ín. Ẹ gbà á kúrò lọ́rùn rẹ̀, ẹ kó o fún mi. Ẹnjiníà, o kọ́ mi, n kò gbọ́. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀wé, n kò sì fẹ́ kí ọmọdé rí i pé ohun kan wà tí n kò mọ̀. N kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò mọ̀ ọ́n, mo sì fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Jọ̀wọ́, dárí jì mí."